Ọwọ́ Kan Ṣoṣo Ló Ṣẹ́kù fún Àpò

Ọmọ mi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ọjọ́ tí mo mọ̀ pé àpò tí mo rà fún ẹrù rẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ tí mo torí rẹ̀ rà á. A wà ní yàrá tí àwọn ìyá ọlọ́mọ ti máa ń jókòó de nọ́ọ̀sì, mo gbé ọmọ sí apá òsì, orí rẹ̀ wà lórí ìgúnpá mi, ó sì ń sùn fọnfọn. Lójijì ni mo gbọ́ ìró kan tí kò ṣàjèjì sí ìyá ọlọ́mọ kankan, kí n sì tó gbé e sókè ni mo ti rí i pé ìgbẹ́ olómi ti gba ẹ̀gbẹ́ ìlédìí jáde, ó ti rin aṣọ rẹ̀ dé àárín ẹ̀yìn, ó sì ti ń kán sí itan mi. Àpò wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Ìdè awọ méjì ni wọ́n fi pa á dé, irú èyí tí a ń fi ọwọ́ méjèèjì tú bí ẹni tú bẹ́líìtì. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún fa ọ̀kan nínú wọn, àpò náà tẹ̀lé ọwọ́ mi, ó dojú dé, fíídà yọ́ jáde nínú àpò kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì yí lọ sábẹ́ àga ẹlòmíràn.

Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí ló bá mi tú ìdè kejì. Nígbà tó tú u tán, a wá ìlédìí títí, a kò rí i, nítorí pé aṣọ inú àpò náà dúdú bí kóró iṣin, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ti dàpọ̀ mọ́ ara wọn. Ó di dandan kí ó da gbogbo ẹrù náà sórí àga kí a tó rí ìlédìí kan tó ti ká jọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ìgbà tí ọwọ́ wa fi máa tẹ wáìpù, ìgbẹ́ ti kan irun ẹ̀yìn orí ọmọ mi, ẹkún rẹ̀ sì ti gba yàrá kan.

N kò ra àpò náà láìronú. Oyún mi ti wọ oṣù keje nígbà tí mo yàn án, mo sì fi ọjọ́ púpọ̀ wò ó kí n tó san owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ni mo fi yàn án. Awọ rẹ̀ ń dán, ó dúró dáadáa léjìká, wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé àpò kéékèèké mẹ́rìndínlógún ló wà nínú rẹ̀, èyí tó mú mi gbà pé kò sí ohun tí ọmọ lè nílò tí n kò ní rí àyè fún. Ohun tí n kò fi ọkàn rò ni pé nígbà tí mo bá nílò àpò náà jù, ọmọ ni yóò gba apá kan lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ti tọ́ ọmọ mẹ́ta, ló fi èyí yé mi nígbà tó wá kí wa lọ́jọ́ kẹta ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn. Kò bá mi wí rárá. Ó mú ìrọ̀rí kan lórí ibùsùn, ó gbé e sí apá òsì mi bí ẹni gbé ọmọ, ó wá gbé àpò náà síwájú mi. Ó ní, "Ọmọ rẹ nìyí, má gbé e sílẹ̀ o. Fi ọwọ́ kejì mú ìlédìí kan àti wáìpù jáde fún mi, kí o má sì wo inú àpò." Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìrọ̀rí jábọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ mi sì fa aṣọ àwọ̀sùn jáde dípò ìlédìí nígbà kejì. Ẹ̀gbọ́n mi wá sọ pé, "Ṣé o rí i? Bí o kò bá lè ṣe é níbi tí ìrọ̀rí kò ti sunkún, báwo lo ṣe fẹ́ ṣe é níbi tí ọmọ ti ń ké?"

Ohun tí mo fi ń díwọ̀n àpò ìlédìí láti ọjọ́ náà nìyẹn, mo sì rọ ẹnikẹ́ni tó bá ń retí ọmọ pé kí ó gbé nǹkan kan tó tó ọmọ tuntun dání lọ síbi tí yóò ti ra àpò, kí ó sì fi ọwọ́ kan ṣoṣo ṣí gbogbo èyí tó bá wù ú níbẹ̀, kí ó pa á dé, kí ó gbé e kọ́ èjìká, kí ó sì tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tó bá ń rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè ṣe é nílé ní ọjọ́ tí àpò bá dé, kí ọjọ́ tí wọ́n fi gbà á láyè láti dá a padà tó kọjá.

Ẹnu àpò ni kí a kọ́kọ́ wò. Àwọn àgbà a máa sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè; ọ̀pọ̀ àpò tí wọ́n ń tà fún ìyá ọlọ́mọ ni wọ́n rán bíi kèrègbè, ikùn wọn gbòòrò, ẹnu wọn sì há. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni irú èyí tí wọ́n fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ sínú etí ẹnu rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí a bá ti fa síìpù, ẹnu náà á là gbayawu, kò sì ní padà pa dé mọ́ ọwọ́ ẹni. Síìpù dára ju ìdè lọ, ó sì dára ju bọ́tìnnì lọ, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó ń bá a ṣiṣẹ́: àpò tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò le, tí kò lè dá dúró fúnra rẹ̀, yóò máa tẹ̀lé ọwọ́ tó bá ń fa síìpù ni, gẹ́gẹ́ bí tèmi ṣe ṣe lọ́jọ́ yẹn. Nítorí náà ẹ tẹ ìsàlẹ̀ àpò wò bóyá ó le, ẹ gbé e sílẹ̀ láìsí nǹkan kan nínú rẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá yóò dúró tàbí yóò wó. Mo so okùn kékeré kan mọ́ orí síìpù tèmi, ó gùn tó ìka kan, kí ìka tó bá ti tutù tàbí tó ti ní òróró lè rí nǹkan dì mú. Ní ti àwọn àpò tí wọ́n fi aṣọ alẹ̀mọ́ra pa dé, èyí tó máa ń dún fàá bí a bá ya á, ìró wọn ti jí ọmọ mi lójú oorun nígbà tí mo yá ti ọ̀rẹ́ mi kan lò, n kò sì wá irú rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ẹnu ni inú. Kí aṣọ inú àpò mọ́lẹ̀, bóyá funfun tàbí àwọ̀ eérú tó fẹ́lẹ́, kí ohun tó bá wà nínú rẹ̀ lè hàn ní ibi tí iná kò ti mọ́lẹ̀ tó. Kí ó jẹ́ irú aṣọ tí omi kì í tètè gbà wọlé, tí a lè fi aṣọ tútù nù, nítorí wàrà yóò dà sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, òórùn wàrà tó ti kan kì í sì í jáde lára aṣọ bọ̀rọ̀. Ní ti àwọn àpò kéékèèké tó wà nínú, márùn-ún ló tó mi. Mẹ́rìndínlógún tí mo ní tẹ́lẹ̀ kò ṣe mí láǹfààní kankan, nítorí ẹnikẹ́ni tó bá fi nǹkan pamọ́ sí ibi mẹ́rìndínlógún gbọ́dọ̀ wá a ní ibi mẹ́rìndínlógún. Ìlédìí àti wáìpù wà ní ibi tí ọwọ́ ń kọ́kọ́ dé, aṣọ ìpààrọ̀ wà lódì kejì, ohun tó jẹ mọ́ oúnjẹ dá wà, ohun tó ti dọ̀tí dá wà, kọ́kọ́rọ́ àti fóònù mi sì wà níta nínú èyí tó ní síìpù tirẹ̀. Bàbá ọmọ náà mọ ìtò yìí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ní alẹ́ kan tí a ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó jókòó ti ọmọ lẹ́yìn ọkọ̀, kò sí iná, mo sì gbọ́ tí síìpù dún, tí ike wáìpù dún lẹ́yìn rẹ̀, láìjẹ́ pé ó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi. Inú mi dùn sí i ju bí mo ṣe lè sọ lọ, nítorí ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tí mo ti bímọ tí mo sun oorun nínú ọkọ̀.

Báwo ni kí àpò náà ti tóbi tó? Ìṣirò ni kí a fi dáhùn èyí. Ọmọ tuntun a máa lo ìlédìí bíi 8 sí 12 láàárín wákàtí 24, èyí tó túmọ̀ sí pé ọ̀kan lè má pé wákàtí mẹ́ta ní ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ sí òde wákàtí mẹ́rin yóò nílò méjì tàbí mẹ́ta, kí ó wá fi méjì lé e fún àìròtẹ́lẹ̀, nítorí ọkọ̀ lè pẹ́ lójú ọ̀nà, ọmọ sì lè dọ̀tí sí ìlédìí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dè mọ́ ọn. Márùn-ún nìyẹn. Ẹ fi wáìpù kan lé e, ẹní kékeré tí a ń tẹ́ ọmọ sí, aṣọ ìpààrọ̀ méjì, aṣọ ìnujú méjì, ìpara tí a ń fi pa ìdí ọmọ kí ó má bàa bó, àpò tí ohun tó tutù yóò wọ̀, àti ẹ̀wù kan fún ìyá fúnra rẹ̀. Ẹ̀wù ìyá yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ohun tó bá rin ọmọ ní apá ìyá rẹ̀ yóò rin ìyá pẹ̀lú. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí wọ inú àpò tó gba nǹkan bíi lítà 15 sí 20 láìfúnpọ̀. Ẹni tó bí ìbejì, tàbí tí ọmọ rẹ̀ ìṣáájú ṣì ń lo ìlédìí, lè wá èyí tó gba lítà 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bí ọmọ kan tó sì ra àpò ńlá yóò kàn rí i pé òun ń kó ohun tí kò wúlò kún un ni. Bí àyè bá ti wà, ọwọ́ kì í lè ṣe kí ó má kó nǹkan sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìwúwo ti wọlé nìyí, n ó sì fẹ́ kí a fara balẹ̀ lé e lórí. Ìlédìí kò wúwo, aṣọ ọmọ kò sì wúwo. Omi ló wúwo. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan, nítorí náà ìgò omi ìyá tó jẹ́ ààbọ̀ lítà àti fíídà méjì tó kún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé kílò kan kí a tó fi ohun mìíràn lé e. Bí àpò náà fúnra rẹ̀ bá ti wúwo tẹ́lẹ̀, ẹrù ti di ẹrù. Mo gbé àpò awọ mi àkọ́kọ́ sórí òṣùwọ̀n nígbà tí nǹkan kan kò sí nínú rẹ̀, ó jẹ́ kílò kan àti ààbọ̀; èyí tí mo fi rọ́pò rẹ̀, tí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù tó nípọn rán, kò ju 700 gíráàmù lọ. Ara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kò tíì padà sípò. Àwọn oríkèé àti iṣan ìbàdí tí oyún ti mú rọ̀ ṣì máa ń rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, ikùn kò tíì le, ẹ̀yìn ni yóò sì ru ẹrù tí ikùn kò lè bá a ru. Ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù, nítorí ìmọ̀ràn tí àwọn elétò ìlera sábà máa ń fún un ni pé kí ó má gbé ohun tó wúwo ju ọmọ rẹ̀ lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ọmọ bá jẹ́ kílò mẹ́ta àti díẹ̀, tí àpò náà sì jẹ́ kílò mẹ́rin, kí ẹlòmíràn bá a gbé àpò náà. Mo sọ èyí fún gbogbo àwọn tó sún mọ́ mi, n kò sì ń tijú láti tún un sọ.

Ọ̀nà tí a ó fi gbé e wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ ìwúwo yìí kan náà. Àpò tí a ń gbé kọ́ èjìká kan a máa fa ọrùn sí ẹ̀gbẹ́ kan, a sì máa yọ́ bọ́ sílẹ̀ nígbà tí ìyá bá tẹ̀ ba láti gbé ọmọ, tí yóò sì lu orí ọmọ tàbí kí ó gbá a lójú. Àpò ẹ̀yìn pín ìwúwo sí èjìká méjèèjì, ó sì dá ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi yàn án. Àmọ́ ẹni tó bá máa ń pọn ọmọ kò lè lò ó, ẹ̀yìn kan kì í gba ọmọ kó tún gba àpò. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò rí ìrọ̀rùn nínú àpò tó ní okùn gígùn tí a lè gbé kọ́ ọrùn sọdá àyà, kí àpò náà wá sí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí. Bí a bá lè rí èyí tó ní oríṣi okùn méjèèjì, ó sàn jù. Kí okùn náà fẹ̀, kí wọ́n fi tìmùtìmù sí i, kí ó sì ṣeé fà gùn tàbí kí a sún un kúrú, nítorí èjìká bàbá àti ti ìyá kì í sábà rí bákan náà.

Ẹ má ṣe gbé àpò tó wúwo kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ọmọ. Kẹ̀kẹ́ náà lè dúró ṣinṣin nígbà tí ọmọ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú tí a bá gbé ọmọ jáde, àpò á fà á ṣubú sẹ́yìn. Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ni ti kẹ̀kẹ́ tó fúyẹ́, tó lè dojú dé sẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ nínú. Abẹ́ kẹ̀kẹ́, nínú agbọ̀n tí wọ́n ṣe síbẹ̀, ni ibi àpò.

Irú ìlédìí tí a bá ń lò yí ọ̀rọ̀ àpò padà. Láti ìgbà tí Pampers ti jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1961, ìlédìí tí a ń lò nù ti gbilẹ̀ débi pé orúkọ ilé iṣẹ́ kan ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń pe gbogbo wọn, àwọn àpò tó wà lọ́jà lónìí sì dà bí ẹni pé irú ìlédìí yẹn nìkan ni wọ́n rán wọn fún. Ẹni tó bá ń lo ìlédìí aṣọ kì í ju nǹkan nù. Gbogbo ohun tó bá kó jáde ni yóò kó padà sílé, tí yóò sì wúwo sí i nítorí pé ó ti tutù. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò àpò inú tí wọ́n fi aṣọ tí rọ́bà fẹ́lẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀ rán, tó ní síìpù, tí òórùn àti omi kò ní gba ibẹ̀ jáde, kí ó sì tóbi tó láti gba ìlédìí mẹ́rin. Èmi náà ń lo irú àpò inú yìí bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlédìí tí a ń lò nù ni mò ń lò, nítorí aṣọ tí ọmọ bá bì sí nílò ibi tí yóò wà títí a ó fi délé.

Wàrà ni ohun kan ṣoṣo nínú àpò tí àkókò ń ṣọ́. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú tààrà ni ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ jù, ó sì lè má nílò àyè fíídà rárá. Wàrà ọmú tí a fún sínú ìgò lè wà nínú yàrá tí kò gbóná ju ìwọ̀n 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ fún wákàtí mẹ́rin, gẹ́gẹ́ bí ìtọ́ni CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Bí a bá gbé e sínú kúlà kékeré tó ní yìnyín tó dì dáadáa, ó lè tó wákàtí 24. Ti wàrà oníyẹ̀fun kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ti pò ó, kí ọmọ mu ún láàárín wákàtí méjì, bí ọmọ bá sì ti fi ẹnu kàn án, ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn wákàtí kan di dídànù, nítorí itọ́ ẹnu ọmọ ti wọ inú rẹ̀. Ọ̀nà tí mo rí pé ó dára jù fún ìrìn àjò ni pé kí ìyẹ̀fun dá wà nínú ike gbígbẹ tí a ti wọn ọ́n sí, kí omi gbígbóná dá wà nínú fúláàsì, kí a sì pò ó nígbà tí ebi bá ń pa ọmọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí omi tí a fi ń pò ó má dín ní ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nítorí ìyẹ̀fun náà lè ní kòkòrò àrùn nínú, omi tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ ló sì ń pa wọ́n. Lẹ́yìn náà ni a ó mú un tutù, tí a ó kán an sí ọrùn ọwọ́ wò kí ó tó kan ẹnu ọmọ. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń wo àpò kékeré tí wọ́n ṣe fún fíídà, ẹ mú fíídà tiyín dání, kí ẹ fi í sínú rẹ̀ wò. Àwọn kan wà tí fíídà tó gbòòrò ní ìdí kò lè wọ̀ rárá. Kí ó dúró lóòró, kí ó má dùbúlẹ̀, kí ó sì jìnnà sí aṣọ. Àwọn aṣọ tó nípọn tí wọ́n fi ń bo ibẹ̀ lè mú kí òtútù tàbí ooru pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n láìsí yìnyín níbẹ̀, ẹ má ṣe gbà pé wọ́n jẹ́ kúlà.

Ọ̀pọ̀ àpò ni wọ́n ń tà pọ̀ mọ́ ẹní kékeré tí a ń tẹ́ ọmọ sí. Ẹ ṣí i, kí ẹ tẹ́ ẹ. Èyí tó bá àpò mi àkọ́kọ́ wá kò gùn ju ọmọ oṣù méjì lọ, nígbà tí ọmọ mi sì pé oṣù mẹ́rin, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà lórí ibi yòówù tí a bá tẹ́ ẹ sí. Mo wá ra òmíràn tó gùn tó 70 sẹ̀ǹtímítà, tó ká pọ̀ sí mẹ́ta, tó sì ní àpò ìlédìí méjì àti wáìpù lára, tó fi jẹ́ pé mo lè fi àpò ńlá sílẹ̀, kí n mú ẹní nìkan lọ sí ilé ìwẹ̀. Ibi yòówù kí a tẹ́ ẹ sí tó bá ga, bíi tábìlì tàbí àga, ọwọ́ kan gbọ́dọ̀ wà lára ọmọ ní gbogbo ìgbà. Ọmọ tí kò yí ara lánàá lè yí ara lónìí. Èyí tún dá wa padà sí ọ̀rọ̀ ọwọ́ kan: bí ohun tí ẹ nílò bá wà ní ìsàlẹ̀ àpò tó jìnnà, ìdánwò láti fi ọmọ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan yóò wá. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ilẹ̀ ni mo máa ń tẹ́ ẹní sí.

Nígbà tó bá yá, ọmọ yóò tó ẹni tó lè fa àpò, lẹ́yìn náà yóò tó ẹni tó lè rákò lọ bá a, àpò tó wà nílẹ̀ yóò sì di ibi tó wù ú jù nínú ilé. Láti ìgbà tí ọmọ bá ti lè na ọwọ́ mú nǹkan, ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀ lójú mìíràn. Àwọn náílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́ tí a ń di ìlédìí tó dọ̀tí sí ni ẹ̀rù wọn ń bà mí jù, nítorí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ imú àti ẹnu, ọmọ kékeré kò sì lè yọ wọ́n kúrò fúnra rẹ̀. Owó ẹyọ, oògùn orí fífọ́ tí ìyá fi sínú àpò, sanitáísà, àti bátìrì pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnnì tó máa ń wà nínú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn síìpù tí ọwọ́ ọmọ kò lè ṣí. Bátìrì yẹn lè jó ọ̀nà ọ̀fun ọmọ tó bá gbé e mì láàárín wákàtí méjì. Àwọn àpò kan sì wà tí wọ́n fi mágínẹ́ẹ̀tì pa dé. Wọ́n rọrùn fún ọwọ́ kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa bóyá wọ́n rán mágínẹ́ẹ̀tì náà mọ́ inú aṣọ pátápátá, nítorí bí ó bá já, ewu ńlá ni fún ọmọ tó bá gbé e mì.

Ní ti àwọ̀, ẹ yan èyí tó bá wù yín, kí ó ṣáà ti jẹ́ èyí tí bàbá ọmọ náà yóò gbé láìlọ́ra. Ní ti èyí tí wọ́n ṣe ibùsùn pélébé mọ́, tó máa ń là bí ẹni tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ, n kò fọwọ́ sí i fún oorun. Ibi tí ọmọ bá máa sùn gbọ́dọ̀ le, kí ó tẹ́jú, kí nǹkan rírọ̀ má sì yí i ká, ara àpò kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí n kò wò nígbà tí mo ń ra èyí tí mò ń lò báyìí, mo sì fẹ́ kí ẹ wò ó. Ibi tí okùn ti so mọ́ ara àpò ni gbogbo ìwúwo ń dúró lé. Lẹ́yìn oṣù mọ́kànlá, okùn apá òsì tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í tú, òwú rẹ̀ ń já ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí mo sì yẹ̀ ẹ́ wò mo rí i pé ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n rán sí i. Mo gbé e lọ bá télọ̀. Ó fi ìka rẹ̀ tẹ ibẹ̀, ó mi orí, ó sì fi awọ kékeré kan sí ẹ̀yìn aṣọ náà kí ó lè ní agbára, ó wá rán an ní igun mẹ́rin yípo, ó tún la ìlà méjì kọjá láàárín rẹ̀ ní àgbélébùú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n ti rán an láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún un pé kí ó bá mi ṣe apá ọ̀tún náà bẹ́ẹ̀, ó sì ṣe é lójú mi. Mo gbé e délé ní ìrọ̀lẹ́, mo fi aṣọ tútù nu inú rẹ̀, mo sì ti dá ìlédìí mẹ́rin padà sí àyè wọn fún òde ọ̀la.